Sípíkà rédíò mi ń gbọ̀n nígbà tí ohùn bá wúwo: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìbéèrè, láti Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ rédíò amateur, mo kí yín o. Rédíò tí mo fi ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì mítà 40 ń dà mí láàmú. Bí ẹni tí ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bá ń sọ̀rọ̀, ketekete ni mò ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo bá ti wọlé, tí mo sì yí ohùn sókè kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò má baà bò ó mọ́lẹ̀, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ṣaṣaṣa bí ṣaworo etí ìyá ìlù. Abẹ́ ìdérí òkè rédíò ni sípíkà náà wà, 8 ohms (ìwọ̀n bí ó ṣe ń dènà iná) ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì ọkọ̀ ni mo sì ń lò. Ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ ní kí n gbé e wá kí òun pààrọ̀ áísìì tó ń gbé ohùn jáde, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí i wò rárá, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi kò fi yá. Kí ni ẹ rò?

Èsì, láti Ọbantoko

Má tíì gbé e lọ síbì kankan, àbúrò mi. Ẹni tó ní áísìì ló bàjẹ́ láìtíì ṣí rédíò, owó áísìì ló ń wá. Ki yápíìsì bọ ojú ihò rẹ̀, kí o sì tẹ́tí sí irú ohùn wúwo bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n níbẹ̀ náà, inú rédíò ni àrùn wà. Bí kò bá gbọ̀n, sípíkà tàbí ohun tó yí i ká ni.

Lẹ́yìn èyí, ṣe ohun kan tí èmi kì í fò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbé rédíò sí LSB (ọ̀nà ìgbóhùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí mítà 40), lọ sí òkè 7,200 kHz níbi tí àwọn iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè wà, wá ọ̀kan tó ń wọlé dáadáa, kí o sì rọra máa yí ìgbì kọjá lórí rẹ̀. Wàá gbọ́ súfèé kan tí yóò máa ti òkè tínrín bọ̀ wálẹ̀ bí o ṣe ń sún mọ́ ojú ìgbì iléeṣẹ́ náà, títí yóò fi rinlẹ̀ pátápátá. Bí sípíkà bá gbọ̀n ní ojú kan nínú ìrìn súfèé náà, tó sì dákẹ́ nígbà tí o kọjá ibẹ̀, nǹkan kan ló tú tàbí tó ń kan nǹkan mìíràn: síkúrù, ìdérí, tàbí wáyà tó fara ti bébà sípíkà. Fi ọwọ́ tẹ ìdérí nígbà tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́; bí ó bá dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, o ti mú un. Ṣùgbọ́n bí súfèé náà bá ń dàrú látòkè délẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ti yí ohùn sókè, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ áísìì.

Èsì, láti Láfẹ́nwá

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ iná sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Fóltì 13.8 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò wọ̀nyí fún, bí bátìrì bá sì ti gbó, ohùn á máa fọ́ nígbàkígbà tó bá lágbára. Ẹ gbé mítà sí ẹnu wáyà tó wọ inú rédíò gan-an, kì í ṣe orí bátìrì. Ẹ tún wò ó bóyá noise blanker, ìyẹn ohun tó ń gé ariwo kúrò nínú rédíò, wà ní títàn, nítorí ó máa ń ba ohùn ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú agbára jẹ́.

Ìdáhùn olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Inú yápíìsì mọ́ ketekete, fóltì kò kúrò lórí 12.6 nígbà tí ohùn wà lókè, noise blanker sì wà ní pípa. Ní ti súfèé, ìsàlẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni títẹ ìdérí kò mú un dákẹ́. Mo wá tú ìdérí náà. Bébà kò ya, ṣùgbọ́n iyanrìn irin dúdú tó kúná ti lẹ̀ mọ́ eteetí òòfà àti ẹ̀yìn bébà. Ṣọ́ọ̀bù ajórin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, fèrèsé tí rédíò wà níwájú rẹ̀ ló sì kọjú sí ibi tó ti ń lọ irin. Ṣé kí n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn fọganáísà fẹ́ ẹ dànù?

Èsì, láti Ọbantoko

Rárá o! Afẹ́fẹ́ fọganáísà yóò ya bébà. Bí kò bá sì yà á, yóò ti irin náà wọ àárín òòfà níbi tí kọ́ìlì ti ń lọ tó ń bọ̀, àyè tó sì wà níbẹ̀ kò tó mílímítà kan. Ká sẹ́lótéèpù mọ́ orí igi tínrín kí ojú gọ́ọ̀mù rẹ̀ wà níta, máa tẹ̀ ẹ́ lé irin náà kí o sì máa ká òmíràn bí ó bá ti kún. Má fi ohun èlò onírin sún mọ́ ọn, nítorí òòfà lè já a gbà mọ́ ọ lọ́wọ́ kó sì gún bébà. Nígbà tí o bá kó o tán, gbé àtàǹpàkò méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ bébà ní ọ̀gbọọgba, kí o rọra tì í wọlé. Bí ó bá lọ tó bọ̀ láìdún, ó ti bọ́. Bí o bá ń gbọ́ ọ tó ń ha, irin ti wọ ojú kọ́ìlì nìyẹn, sípíkà tuntun ló kù.

Èsì, láti Àsẹ̀rò

Bí ó bá di ti sípíkà tuntun, ẹ jọ̀ọ́, 8 ohms ni kí ẹ béèrè. Wọ́n lè fẹ́ ta 4 ohms fún yín pé ó ń dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí yóò máa fà lára áísìì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, áísìì tí kò ṣe nǹkan kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí mítà bá ka nǹkan bíi 7, ẹ má bínú sí ẹni tó tà á, bó ṣe yẹ kó kà á nìyẹn.

Ìdáhùn olùbéèrè

Mo kó irin náà kúrò, síbẹ̀ ó ń ha ní apá kan nígbà tí mo tì í. Mo rí sípíkà 8 ohms kan tó bá àwọn ihò síkúrù rẹ̀ mu ní Kútọ̀, mítà sì ka 7.2 lórí rẹ̀ kí n tó sanwó. Mo ti fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà, súfèé lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbọ̀n. Yàrá ẹ̀yìn ni rédíò wà báyìí, nítorí ajórin kò ní torí tèmi kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò.