Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo WordPerfect àti Lotus rí, ẹ bọ́ síbí

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ inú ilé mi rò pé Word, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi dá ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí àwọn àgbà yòókù fi tiwọn kún un.

Táípúráítà ni mo fi kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, WordPerfect 5.1, ètò ìkọ̀wé àtijọ́, ló sì wà lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà ni WordPerfect ti wá. Alan Ashton, olùkọ́ ní yunifásítì Brigham Young, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Bruce Bastian, ló dá a sílẹ̀. 1989 ni 5.1 jáde. Bí ẹ bá tan án, ojú búlúù lásán lẹ máa rí. Máósì ò sí lára tiwa. Orí àwọn bọ́tìnnì F ni gbogbo iṣẹ́ wà: F7 la fi ń jáde, Shift pẹ̀lú F7 la fi ń tẹ̀wé síta. Ike pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ iṣẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sí, a máa ń tẹ́ ẹ sórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá gbé tèmi, ìjà dé nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni Alt pẹ̀lú F3. Bí ìwé bá ń ṣe wèrè, tí ìlà ń fò, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀, ojú kọ̀ǹpútà á pín sí méjì: ìwé lókè, àṣírí ìwé nísàlẹ̀. Ẹ ó rí [BOLD] níbi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ẹ ó rí [HRt] níbi tí ẹnì kan ti tẹ Enter. Ẹ pa èyí tó ń dà yín láàmú rẹ́, wàhálà parí. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ nínú Word títí dòní, ẹni tó bá rí i kó sọ fún mi.

Iṣẹ́ Yorùbá ló ń fojú wa rí màbo. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àpilẹ̀kọ wá, a ó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, òun náà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa pẹ̀lú bírò dúdú, á máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Bí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì bá ní kó tún orí kan ṣe, a ó tẹ̀ ẹ́ síta lákọ̀tun, bírò á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fọ́ǹtì Yorùbá dé. Wọ́n kàn ya ẹ àti ọ sórí àyè àwọn àmì tá a kì í lò ni. Ó rẹwà, àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì yẹn bá wà nìkan. Ẹ gbé dískẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, gbogbo ẹ̀ á dà rú mọ́ yín lójú. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ló gbà wá. Ẹ àti ọ ti ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ olóhùn òkè ò ní. Lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì tó gùn ún ni, ìdí nìyẹn tí àmì ohùn fi ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwọn fọ́ǹtì míì.

Akáúńtì Àtijọ́:

Ẹ ṣé, mà. Lotus 1-2-3, ètò tá a fi ń ṣírò owó nínú àpótí-àpótí lórí kọ̀ǹpútà, ni tèmi. VisiCalc ti Bricklin àti Frankston ló kọ́kọ́ jáde, 1979, lórí Apple II. Nígbà tí Lotus ti Mitch Kapor dé ní 1983 fún IBM PC, ó gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bọ́tìnnì / lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, kẹ́ ẹ tó pàṣẹ: /FS láti tọ́jú iṣẹ́, /FR láti gbé e jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, pẹ́ńsù àti rọ́bà ni. Owó kan ṣoṣo yí padà, ẹ ó ro gbogbo ìlà ọ̀hún látòkè délẹ̀. Ọ̀gá wa ò gba Lotus gbọ́ rárá, kalikulétọ̀ ló fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ Excel, ètò ìṣirò tòde òní, ẹ kọ 60 sínú àpótí kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọjọ́. Á pè é ní 29 February 1900. Ọjọ́ yẹn ò sí nínú kàlẹ́ńdà! Lotus ló ṣì í kà, Excel sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ lé e kí ìṣirò àwọn tó ń ti Lotus bọ̀ má bàa yàtọ̀.

Àbúrò Yín:

Tiwa ni .docx, irú fáìlì tí Word tuntun ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Word 2007 ni mo fi kọ CV, mo gbé e dé káfẹ́, Word àtijọ́ ló wà níbẹ̀, kò ṣí. Mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀, owó àkókò sì ń lọ.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Akáúńtì, mo ti dán 60 yẹn wò, òótọ́ lẹ sọ! Àwọn ará WordStar, ètò ìkọ̀wé àtijọ́ míì, dà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Ctrl-K pẹ̀lú S tọ́jú iṣẹ́? Ẹ má sá o.