Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra maṣíìnì ìránṣọ: kí ni mo lè kọ́kọ́ rán?

Ìyá Àdùkẹ́, Kubwa:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Mo gba àjọ, ni mo bá fi ra maṣíìnì ìránṣọ, oníná kékeré tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì. Mi ò kọ́ṣẹ́ télọ̀ rárá. Kọ́tíìnì, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, aṣọ àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló ń wù mí rán. Ọkọ mi tiẹ̀ ti gbé yáàdì mẹ́rin wálé, ó ní kí n fi rán kàfùtáànì Iléyá fóun. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i ni, àmọ́ àyà mi ń já.

Kí ni mo lè kọ́kọ́ rán tí ojú ò ní tì mí? Ẹ tún bá mi wo èyí: tí mo bá ń rán, òkè aṣọ á dáa, tí mo bá yí i padà, òwú á ti dì wúruwùru sábẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní tẹ́ńṣọ̀nù ni, ìyẹn bí maṣíìnì ṣe ń fún òwú mọ́ra tó. Mo ti yí nọ́ńbà ẹ̀ títí, pàbó ló já sí.

Ìyá Aránṣọ, Kàdúná:

Ọmọ mi, o kú oríire maṣíìnì. Gbé yáàdì mẹ́rin ọkọ ẹ pamọ́ ná, kó lọ bá télọ̀ fún ti Iléyá yìí. Ara kàfùtáànì ò ṣòro, ọrùn àti ibi tí wọ́n ti ń la àyà ló ń pa ọmọṣẹ́ lẹ́kún.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti òwú. Abẹ́ lo ti ń rí i, àmọ́ òkè ló ti sábà máa ń wá. Irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, òun là ń pè ní ẹsẹ̀ maṣíìnì. Ṣé o máa ń gbé e sókè kí o tó fi òwú sí i? Tó bá wà nílẹ̀, àwọn àwo tó ń fún òwú mọ́ra ti pa ẹnu dé nìyẹn, òwú á kàn gba orí wọn kọjá. Tú òwú òkè kúrò pátápátá. Gbé ẹsẹ̀ sókè, fọwọ́ yí wíìlì ọ̀tún sọ́dọ̀ ara ẹ títí abẹ́rẹ́ á fi dé òkè pátá, kí o tún òwú fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Rí i dájú pé ó wọ ojú irin tó ń lọ sókè-sódò yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń fò ó. Dá nọ́ńbà tẹ́ńṣọ̀nù padà sí 4. Tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, di ẹnu òwú méjèèjì mú sẹ́yìn, ti òkè àti ti bọ́bìnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ òwú kékeré tó wà lábẹ́, títí ìrán á fi wọlé díẹ̀.

Ó wá kan ohun tí wàá rán. Ìró ni. Má fi mí rẹ́rìn-ín o! Gé yáàdì méjì àǹkárá, fọ̀ ọ́ kó tó kan àlùmọ́gàjí míì, torí àǹkárá olówùú máa ń súnkì. Etí gígùn méjèèjì, ibi tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí, wọ́n ti hun ún pa, kò lè tú. Ẹnu méjèèjì tí wọ́n gé nìkan ló kù. Fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ́ ẹ ní ìdajì ínṣì, tún un ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ibi tó ń tú lè wọnú, kí o wá rán an gba ẹ̀gbẹ́ etí inú. Ìlà méjì péré, o ti ní ìró tí o lè ró jáde.

Má wo abẹ́rẹ́ tí o bá ń rán. Etí aṣọ ni kí o máa wò, bó ṣe ń bá ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì lọ. Má sì fa aṣọ látẹ̀yìn. Eyín wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ ló ń gbé e rìn. Tí o bá fà á, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á gbá irin, kọ́ọ́! Ó ti ṣẹ́.

Télọ̀ Nyanya:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Mo fara mọ́ ti ìró, àmọ́ ìró ò kọ́ èèyàn ní igun. Àǹtí, ẹ tètè fi àpò tìmùtìmù tẹ̀ lé e.

Ẹ wo nọ́ńbà ìwọ̀n abẹ́rẹ́ lára páálí ẹ̀. 90/14 ni ti àǹkárá. 75/11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 100/16 fún jíǹsì. Tí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dálì, kí ẹ pa súìṣì. Tí NEPA bá mú un dé tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà níbẹ̀, ìka yín ni abẹ́rẹ́ á bá. Nígbà ọyẹ́ ẹ máa fi aṣọ bò ó, eruku apá ibí ò mojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àdùkẹ́, Kubwa:

Áà, òwú ti dáa o! Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé sà. Tìmùtìmù àga wa jẹ́ ínṣì 18 sí 18. Mélòó ni kí n gé? Mi ò fẹ́ síìpù.

Ìyá Aránṣọ, Kàdúná:

Síìpù kẹ̀? Kò tíì kàn ẹ́. Gé ínṣì 42 ní gígùn, 19 ní fífẹ̀. Ṣẹ́ ẹnu kúkúrú méjèèjì bí o ṣe ṣe ti ìró, ínṣì kọ̀ọ̀kan ni yóò gbà, ó ku 40. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ojú dídán kọjú sókè. Ká ẹnu méjèèjì wọ àárín kí ọ̀kan gun èkejì ní ínṣì 4, gígùn rẹ̀ á wá jẹ́ 18 géérégé. Rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìdajì ínṣì. Ní ibi tí wọ́n ti gun ara wọn, rán an síwá-sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ já. Gé ṣóńṣó igun díẹ̀, má kan òwú, kí o wá yí i síta. Ẹnu tó gun ara wọn yẹn ni wàá ti tìmùtìmù gbà wọlé.

Fífẹ̀ àǹkárá máa ń tó ínṣì 44 tàbí 45, nítorí náà fi 42 gba fífẹ̀ rẹ̀. Yáàdì méjì á mú mẹ́ta jáde, èyí tó ṣẹ́ kù á tó gèlè ọmọdé.

Bọ̀dá Sabon Gari, Kánò:

Àǹtí, ẹ má tíì lọ ra aṣọ olówó iyebíye. Àwọn télọ̀ àdúgbò yín máa ń da àgékù nù, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Kánò, kó yà sí ọjà aṣọ Kantin Kwari, àǹkárá kún ibẹ̀ bámúbámú. Tí ẹ bá rí èyí tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ fi rán síkẹ́ẹ̀tì onírọ́bà fún ọmọ. Rọ́bà gbọ́dọ̀ fi ínṣì kan tàbí méjì kéré sí ìbàdí ọmọ. Ẹ fi pínnì há ẹnu ẹ̀ kí ẹ fi fà á gba inú ìṣẹ́tí, kí ẹ sì fi pínnì kejì kan ìdí ẹ̀ mọ́ aṣọ, kó má bàa bá ti iwájú wọlé.