Ta ló ń bèèrè, kí ló sì bá jáde?

Ẹ̀yin ará mi,

Mo ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìlànà ìlò SWAT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìṣàn odò àti ohun tí omi ń gbé lọ, sí Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí odò Ògùn. Wọ́n ní ibi tí a ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé báyìí-báyìí ni kó kọ sílẹ̀ fún wa, èyí tí òyìnbó ń pè ní “output request”, “ìbéèrè àbájáde” ni ká máa pè é, kí ẹni tó bá ní tiẹ̀ lẹ́nu mú un wá. Mo ní tèmi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò bá mi lára mu rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti ara “bá” tó wà nínú àbájáde bẹ̀rẹ̀. Àbájáde kì í dúró de ẹni tó pè é. Àbájáde ìwà, àbájáde àìgbọràn: o fẹ́, o kọ̀, yóò bá ọ nílé. Ohun tí SWAT ń kọ sínú output.rch, fáìlì tó ń kó èsì abala odò sí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń ṣírò ìṣàn odò, yẹ̀pẹ̀ tí omi ń wọ́ lọ, náítíréètì àti ọ́síjìn, lójoojúmọ́, fún gbogbo abala odò tí a yà sórí máàpù. Èyí tí a kò bá ní kó kọ sílẹ̀, á ṣírò ó tán, á sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Kí ló wá bá kí ni jáde? Àwa là ń gbé e jáde. Àgbéjáde ni, kò sí méjì. Ẹ má sì sọ ọ́ di “ìgbéjáde” fún mi, nítorí iṣẹ́ gbígbé ni ì- yẹn ń sọ. À- ló ń sọ ohun tí a gbé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ fi ì- rọ́pò à- tó wà níwájú àkọsílẹ̀ kó gbọ́ bó ṣe máa dún. Ó ku ohùn kan péré kó di ọ̀rọ̀ tọkọtaya ní kóòtù ìbílẹ̀.

Ó wá ku “ìbéèrè”. Ẹnìkan nínú wa ti pè mí lórí fóònù pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ náà máa ń kọ “ìbéèrè” wọn ránṣẹ́ sí ìjọba, pé bíbèèrè kì í ṣe ti ìwádìí nìkan. Òótọ́ ni, n ò bá a jà. Ẹjọ́ tèmi yàtọ̀. Ìbéèrè ṣeé bèèrè nígbàkigbà. Ọmọ tó bá kà á yóò rò pé kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tán ná, òun á padà wá bèèrè bí odò ṣe rí lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀wàrà. Kò níí rí i! Inú file.cio, fáìlì tí a ti ń sọ fún SWAT bí yóò ṣe ṣiṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń parí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. IPRINT ló ń sọ ìgbà tí yóò máa kọ: 0 fún oṣooṣù, 1 fún ojoojúmọ́, 2 fún ọdọọdún. NYSKIP ń sọ iye ọdún àkọ́kọ́ tí kò níí kọ rárá, títí omi inú ilẹ̀ á fi rí ibi jókòó sí nínú ìṣirò. Ẹni tó fi 0 síbẹ̀, oṣù ló máa rí. Nínú oṣù yẹn pàápàá, ìpíndọ́gba ni ìṣàn, àròpọ̀ kìlógíráàmù sì ni náítíréètì, lórí ìlà kan náà, nínú fáìlì kan náà. Mo ti rí ẹni tó kọ odindi orí kan nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ láìmọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá sì tú omi sílẹ̀ ní ìdídò (dáàmù) Ọyán, irú omi tó lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú kúrò nílé ní 2010, ìpíndọ́gba oṣù lè gbé e mì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tó dé. Àfi kéèyàn tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé SWAT nìkan ni mò ń fi ṣẹjọ́. HEC-RAS, ètò ìṣirò odò mìíràn tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ológun Amẹ́ríkà kọ ní Davis, Kalifóníà, ya àkókò ìṣirò sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ìkọsílẹ̀. Ó lè máa ṣírò ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra, kó máa kọ ìṣàn sílẹ̀ ní wákàtí kan síra. Ṣóńṣó ẹ̀kún omi tó bá bọ́ sáàárín wákàtí méjì kò ní hàn lójú ìlà tí o yà. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn tún burú jù. Ewéko omi ń fi kún un lọ́sàn-án, wọ́n ń mí in tán lóru, ìdájí ló máa ń relẹ̀ jù, ìdájí náà sì ni ẹja ń kú. Ẹni tó ní kí wọ́n kọ ìpíndọ́gba ojúmọ́ fún òun, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ní òun ò fẹ́ mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ò gbọ́ òwe yìí rí. Bí o ṣe rán an ló ń jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ní “àṣẹ àgbéjáde” ni kó jẹ́, nítorí àṣẹ máa ń ṣíwájú iṣẹ́. Mo mọ àwọn tó máa ní àṣẹ wúwo jù, pé ti Elédùmarè àti ti ọba ni. Ọlọ́pàá ojú títì ń pàṣẹ, kì í ṣe òrìṣà. Ẹni tó dábàá “ìránṣẹ́ àgbéjáde” ní tiẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́: ìránṣẹ́ ni ẹni tí a rán, kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa àfi tí a bá fi sínú gbólóhùn. “Fi sẹ́nu ìyá rẹ kó o gbọ́ ọ,” ni wọ́n máa ń wí. “Mo pàṣẹ pé ìṣàn ojoojúmọ́ ni kó gbé jáde” lọ geerege lẹ́nu ìyá mi. “Mo bèèrè àbájáde” dún bí ọmọ tó dúró níwájú pátákó èsì ìdánwò. Ká má tíì sọ pé ẹ̀gbọ́n kọ “béèrè” lókè, wọ́n kọ “bèèrè” nísàlẹ̀. Èwo la mú? Mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ nílé wa. N ò fẹ́ kí ìjà Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú tún bẹ́ sílẹ̀ níbí.

“Ìdára omi” tí ẹ̀gbọ́n fi pe “water quality” náà ò tíì tán nínú mi. Omi tí ìdọ̀tí ti bò, ìdára wo ló kù tí à ń wọ̀n? “Ipò omi” tó mi. Àwọn tó fẹ́ “ìwà omi” ń kéwì, kì í ṣe iṣẹ́ wọn là ń ṣe.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ ni “ẹ̀ka odò” tí wọ́n fi ń pe ìlà kọ̀ọ̀kan nínú output.rch. Ọyán ni ẹ̀ka Ògùn. Láti ibi tí Ọyán ti wọ Ògùn títí dé Abẹ́òkúta, abala ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìwé náà ránṣẹ́ sáwọn ọmọ títí a ó fi rí ìyẹn yanjú.