Ṣé akéwì ni Bialik, àbí òǹkọ-ewì?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, pé kò yẹ ká máa pe Hayim Nahman Bialik, Júù tó fi èdè Hébérù kọ ewì, ní akéwì. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ohùn ké e lójú agbo ni akéwì, pé orí ìwé ni Bialik ti ṣe tirẹ̀, ká kúkú pè é ní "òǹkọ-ewì". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò bá yín dé ibẹ̀.

Kí ni àwọn Júù tó ni ín ń pè é? Meshorer ni. Inú shir ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ, shir kan náà ló sì ń jẹ́ orin, tó tún ń jẹ́ ewì lédè Hébérù. Ẹ ṣí Ẹ́sírà 2:41. Àwọn ọmọ Ásáfù, 128, tí Bíbélì wa pè ní akọrin, meshorerim ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀. Akọrin tẹ́ńpìlì ló kọ́kọ́ ni orúkọ yìí kó tó kan ẹni tó jókòó ti tábìlì pẹ̀lú gègé. Nígbà tí gègé dé, wọn ò torí ẹ̀ sọ orúkọ nù.

Etí ni Bialik tiẹ̀ fi ń kọ ewì. Ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní Volhynia, ní ilẹ̀ Ukraine òní. Bàbá rẹ̀ kú, bàbá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ ní Zhitomir. Bí àwọn Júù agbègbè yẹn ṣe ń pe Hébérù ló ṣe to ewì rẹ̀. Ẹ wo ewì ẹyẹ tó gbé jáde ní Odessa ní 1892. Tzippora ló pe ẹyẹ níbẹ̀. Lẹ́nu Bialik, "po" ni ohùn tẹ̀ mọ́, ní Ísírẹ́lì òní "ra" ni. Ẹ fi ohùn òní kà á, ìlà á máa tiro, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń ka ewì Yorùbá tí wọn ò fi àmì ohùn sí. Nígbà tó kó dé Tel Aviv ní 1924, ohùn kejì yìí ló bá lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ní kì í ṣe akéwì?

Ẹnì kan tún ní "akéwì ìjọba" ni ká túmọ̀ meshorer le'umi sí, orúkọ tí àwọn Júù fi ń yẹ́ Bialik sí. Ìjọba wo? Vienna ló kú sí ní 1934, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. 1948 ni Ísírẹ́lì tó di orílẹ̀-èdè. Le'om ń tọ́ka sí àwọn èèyàn, kì í ṣe ilé ìjọba. "Akéwì ìran Júù" tẹ́ mi lọ́rùn.

Bialik tún dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún èdè Hébérù o. Itamar Ben-Avi, akọ̀ròyìn Júù kan, ti ní kí wọ́n máa pe bàálù ní aviron, láti ara avir, afẹ́fẹ́, tí Hébérù yá lọ́wọ́ Gíríìkì. Bialik ní matos, ó fà á yọ lára ọ̀rọ̀ tí ìwé Jóòbù 9:26 lò fún idì tó ń já bá ẹran. Matos ló borí, ṣùgbọ́n aviron ò kú; ẹ ó ṣì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. Bialik náà ló dá yevu àti yetzu fún ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, láti ara "wọlé" àti "jáde" gan-an. Kò lọ jìnnà.

Mo dán òǹkọ-ewì wò lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi lánàá. Mo fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù láìfi àmì sí i. Ó ní, "Bàbá, ta ló kọ̀ ewì? Kí lewì ṣe fún un?"