Àwọn àṣẹ tó ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ọ̀tà, ẹ̀rọ tó ń fa omi jìnnà sí táǹkì, nítorí náà PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) ẹ̀gbẹ́ táǹkì ló ń fi MQTT (ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn) ránṣẹ́ sí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, pé kí ó tan ẹ̀rọ tàbí kí ó pa á. QoS 1, ọ̀kan nínú àwọn ìpele ìfiránṣẹ́ MQTT, ni a ń lò. Ó dájú pé àṣẹ yóò dé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò dé lásìkò, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wa wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ bá lọ, bírókà, ìyẹn sáfà tó ń gba àṣẹ tó sì ń fi í ránṣẹ́ síwájú, á tọ́jú gbogbo àṣẹ pamọ́. Bí ó bá sì padà dé, gbogbo wọn á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: tàn, kú, tàn, kú, tí kọ́ńtákítọ̀ (swíìṣì tó ń tan mọ́tò, tó sì ń pa á) á máa ró kẹ́, kẹ́, kẹ́, tí mọ́tò á sì gbóná gidigidi.

Mo mọ̀ pé MQTT 5, tó jáde ní 2019, fún wa láyè láti dá àkókò tí àṣẹ yóò kú fún un. Ṣé ìyẹn tó, àbí kí PLC fúnra rẹ̀ máa yẹ àkókò tí a kọ sára àṣẹ wò? Lójú tèmi, ó sàn kí á máa fi ìwọ̀n omi nìkan ránṣẹ́, kí PLC ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ máa dá ìpinnu ṣe, kí ó sì pa ẹ̀rọ bí kò bá gbúròó táǹkì mọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣe ségesège lè mú kí omi wọ́n wa. Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ̀yin fi ń dúró kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀?