Orin inú fíìmù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: báwo la ṣe lè dá a lẹ́jọ́ bó ṣe yẹ?

Onísinimá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lórí DVD Brief Encounter ti David Lean (1945), èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Piano Concerto No. 2 (orin píánò pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá) ti Rachmaninoff tí Eileen Joyce tẹ̀ ń sáré, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti rẹ́kọ́ọ̀dù lọ. Fayolín inú rẹ̀ náà dún tín-ín-rín. Ṣé fíìmù ni kò dáa ni, àbí DVD? Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ sì máa ń tẹ́tí sí kí ẹ tó sọ pé orin fíìmù kan dáa?

Ọ̀gá_Ìró:
DVD ni o. Àwòrán 24 ni wọ́n fi ya fíìmù náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n 25 ni PAL, ìlànà tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di 2012, tí DVD rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé, máa ń fi hàn. Wọ́n wá mú fíìmù sáré kí ó lè bá a dọ́gba. Fíìmù oníṣẹ́jú 100 á parí ní ìṣẹ́jú 96, ohùn á sì gòkè ní nǹkan bíi 0.7 semitone (semitone ni ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí píánò). Ìdí nìyẹn tí concerto tó wà ní C minor fi ń sún mọ́ C sharp minor.

Bí ẹ bá ń lo VLC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fíìmù hàn, ẹ dín eré rẹ̀ sí 0.96, kí ẹ sì pa "Enable time-stretching audio" nínú Preferences. Bí ẹ kò bá pa á, fíìmù á rọra lọ lóòótọ́, àmọ́ ohùn kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi píánò tí ohùn rẹ̀ gún wò ó, torí àwọn DVD kan wà tí wọ́n ti dá ohùn wọn padà sí ipò rẹ̀. Lórí irú èyí, ẹ jẹ́ kí time-stretching wà ní títàn. Blu-ray tó ń lọ ní 24 kò ní wàhálà yìí.

Ti fayolín, ẹ má dá olórin lẹ́bi. Ẹ̀gbẹ́ fíìmù gan-an ni wọ́n ń tẹ ohùn sí nígbà yẹn, ohùn tó bá sì ti ga kọjá nǹkan bíi 8 kHz (ìwọ̀n gíga ohùn) kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Fífọ ohùn ju bó ṣe yẹ lọ tún máa ń bà á jẹ́: bí wọ́n bá fọ ariwo ṣíì-ṣíì kúrò tán, ìrù ohùn fayolín á bá a lọ. Èyí tó ṣì ní ṣíì-ṣíì díẹ̀ sàn jù lójú tèmi.

Etí_Òye:
Fíìmù yẹn gan-an ló dáa láti fi kọ́ etí. Inú rédíò pálọ̀ Laura, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, ni concerto náà ti ń dún, òun náà ló sì ń bá ìrántí rẹ̀ rìn. Nígbà tí Fred ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n dín in kù, a rí i pé ohun tó ti gba gbogbo ọkàn ìyàwó, ariwo lásán ni létí ọkọ. Nítorí náà, ta ló ń gbọ́ orin yìí? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. Ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó dákẹ́ ló kàn.

Nínú The Third Man (1949), zither (ohun èlò orin olókùn) kan ṣoṣo ti Anton Karas ló gbé fíìmù náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń lé Harry Lime, ọ̀daràn inú fíìmù náà, nínú gọ́tà abẹ́lẹ̀ Vienna, omi, ẹsẹ̀ àti gbohùngbohùn ló kù. Òdìkejì rẹ̀ ni Battle of Britain (1969). Wọn kò gba orin tí William Walton ṣe, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Ron Goodwin, ṣùgbọ́n wọ́n fi "Battle in the Air" ti Walton sílẹ̀: ariwo ẹ́ńjìnnì àti ìbọn rọlẹ̀, orin nìkan ló ń ja ogun náà lọ.

Ẹ mú ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wò ó pẹ̀lú ohùn, ẹ wò ó láìsí ohùn, ẹ wá dijú gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá pàdánù nǹkan kan nígbà tí ohùn kò sí, ọ̀ṣọ́ lásán ni orin náà.

Onídùùrù:
Mo fara mọ́ ọn, àyàfi fún The Red Shoes (1948). Orin ijó ibẹ̀ ni Brian Easdale kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó ya ijó náà lé e lórí, nítorí náà ẹ kò lè yọ orin kúrò kí ẹ tó dá àwòrán lẹ́jọ́. Ẹsẹ̀ oníjó ni kí ẹ máa wò, àti ibi tí wọ́n ti gé àwòrán, bóyá wọ́n bá ìlù mu. Eré PAL kò ba èyí jẹ́, torí orin àti àwòrán jọ ń sáré ni.

Ẹ má sì fi Sinfonia antartica dá orin Scott of the Antarctic (1948) lẹ́jọ́. Vaughan Williams, tó ṣe orin fíìmù náà, ló tún un tò di Sinfonia yẹn fún gbọ̀ngàn orin. Inú fíìmù ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.