Ṣé "èdè ìgbàlódé" ni, àbí "èdè ààyè"?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé ní Manchester fi ránṣẹ́ lánàá. Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: ọmọ wọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fásitì níbẹ̀, Faransé àti Potogí ló fẹ́ kọ́, ohun tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀ ni Modern Languages and Global Cultures. Ìyá àgbà n'Íjẹ̀bú-Òde fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n sì ti búra pé akọ̀wé ìjọ kò ní ka Gẹ̀ẹ́sì gbuuru lé àwọn lórí. Yorùbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́.

Ẹni mẹ́ta ló ti dáhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní "èdè ìgbàlódé". Ẹnì kejì ní "èdè àjèjì". Ẹnì kẹta ní ká kúkú yá a lò, ká máa pè é ní "módáànù láńgúéèjì", torí pé a ti yá fáwẹ̀lì, a ti yá gírámà, a ti yá lítíréṣọ̀, ilé ò sì wó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹnì kẹta kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá bíi Bámgbóṣé, Awóbùlúyì àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí (àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni nípa èdè Yorùbá) ní àwọn ọdún 1980 yá ọ̀rọ̀ lò níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì kò ní orúkọ lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe yá a. Èdè ní orúkọ. Kí la fẹ́ fi láńgúéèjì ṣe?

Ó ku ìgbàlódé. Ẹ tú u wò: ìgbà ni ó dé. Aṣọ ìgbàlódé, ijó ìgbàlódé, irun ìgbàlódé. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tó sọ èyí tó wà ńlẹ̀ di ti àtijọ́. Bí a bá wá pe Faransé ní èdè ìgbàlódé, kí ni ká pe Yorùbá tí akọ̀wé ìjọ náà fi ń kà á? Mo mọ̀ pé ẹni tó dá a lábàá kò rò ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ní òun kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò ó dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kò bá wa wí. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, bí wọ́n bá sọ ní Oxford tàbí Cambridge pé ẹnì kan kọ́ èdè, Látìn àti Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, èdè tí ìyá kankan kò fi pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun mọ́. Ó di àwọn ọdún 1880 kí Cambridge tó gbà pé èèyàn lè fi Faransé tàbí Jámánì gboyè. "Modern" tí wọ́n fi kún un, àwọn Látìn ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni èdè tó ṣì wà lẹ́nu èèyàn. Yorùbá wà nínú ìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká gbé "èdè ààyè" yẹ̀ wò. A ń sọ pé ẹja ààyè, a ń sọ pé adìẹ ààyè. Kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ. Mo dán an wò lára bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n ní ó dáa. Mo ní, "Látìn wá ńkọ́, ṣé ká pè é ní èdè òkú?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èdè òkú? Ti egúngún ni?" Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀, "èdè àtijọ́" ti tó Látìn.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni "àjèjì", torí òun ló sún mọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ní fásitì Ifẹ̀, ohun tí orúkọ ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé túmọ̀ sí gan-an ni èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n àjèjì sí ta ni? Ní Salvador, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, fásitì ibẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 1959 fún ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti Éṣíà, kò sì pẹ́ tí Ebenezer Látúndé Láṣebìkan fi ti Nàìjíríà lọ kọ́ wọn ní Yorùbá níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà ti wá sí Ìbàdàn wá kọ́ ọ. Lójú wọn, àwa ni àjèjì. Ẹ̀gbọ́n wa náà sì sọ ọ́ nínú ìwé wọn, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́, pé ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Nínú Faransé tó ń lọ kọ́ àti Yorùbá tí kò lè fi dá ìyá àgbà lóhùn, èwo la fẹ́ pè ní àjèjì sí i?

Nígbà tí èmi náà ń kọ́ Faransé, Àgbádárìgì ni wọ́n kó wa lọ, sí ibi tí ìjọba dá sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti máa gbé kí wọ́n sì máa sọ Faransé. Tẹ́lẹ̀, Lomé ní ilẹ̀ Tógò ni wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó rẹ̀ kò ṣe é gbé mọ́, ni ìjọba bá dá ti Àgbádárìgì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìyá kan wà létí ọ̀nà ní Àjárà tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Ègùn ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá wa nájà, bí awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ bá sì dúró, Faransé ni, pẹ̀lú ìṣirò sẹ́fà sí náírà lórí ahọ́n. Lọ́jọ́ kan mo dúró ṣánṣán, mo bẹ̀rẹ̀ Faransé inú ìwé: "Pourriez-vous me dire, madame..." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ebi ń pa yín." Kò sí ọ̀kankan nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ àjèjì sí obìnrin yẹn. Èmi tí mò ń kọ́ ọ ni àjèjì.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ olórí ibẹ̀, kó bá wa sọ fún wọn nípa "abúlé". Abúlé Èdè Faransé ni gbogbo wa ń pè é, torí pé "village" ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Bàbá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò pé wọ́n ní kí n lọ gbé abúlé fún ọdún kan. Ẹnì kan béèrè pé kí ni mo ṣe. "Ibùdó" ì bá dára jù.)

Èyí rán mi létí ohun mìíràn nínú ìwé ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ọdún kẹta yóò sì jẹ́ ti òkèèrè, bóyá Lisbon, bóyá Dakar. Ẹnì kan pè é ní "ọdún ìrìnàjò". Rárá o. Ẹni tó rìnrìn àjò a máa padà kí ọbẹ̀ tó kan. Ẹni tó gba ilé, tó mọ ọjà tí tòmátì ti pọ́n, tí ìyá onílé ń bá jà nítorí omi, àtìpó nìyẹn. "Ọdún àtìpó" ni tèmi. Mo mọ̀ pé orin ìsìnkú máa ń rìn mọ́ ọ̀rọ̀ náà létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ó tọ́.

Ó wá ku àṣà. Ẹ má ṣe kọ "àṣà àgbáyé" o. Bí a bá sọ pé ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ife kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń dù. Àṣà àgbáyé yóò dún bí ẹni pé gbogbo ayé ti gba àṣà kan ṣoṣo. "Àṣà orílẹ̀-èdè" náà kò ṣe é, ẹ wo bí èdè ti jókòó sínú ọ̀rọ̀ yẹn, bí ẹni pé ilẹ̀ kan, èdè kan. Faransé wà ní Paris, ó wà ní Haiti, ó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá bíi tiwa. Láti 2004, tí ìjọba ti sọ pé kò pọn dandan mọ́ fún ọmọ ọdún 14 sókè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ èdè kejì, iye àwọn tó ń kọ́ Faransé àti Jámánì ti dín kù gan-an. Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn fásitì máa fi fíìmù, ìtàn àti òṣèlú fa ojú ọmọ mọ́ra, kí wọ́n sì fi "cultures" kún orúkọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí a ti ń gbé ayé láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. "Àṣà ilẹ̀-dé-ilẹ̀" ni mo wá fi í sí. Àmọ́ ẹ so ìṣe mọ́ ọn. Bí akọ̀wé bá dìde n'Íjẹ̀bú pé ọmọ yìí lọ kọ́ àṣà l'Óyìnbó, àwọn ìyá ìjọ yóò gbọ́ àṣàkaṣà, ìdúpẹ́ á di àdúrà ìtúsílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Èdè Ààyè, pẹ̀lú Àṣà àti Ìṣe Ilẹ̀-dé-Ilẹ̀. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ẹ bá mi fọ́ ọ wò.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Bí ẹni tó ń tẹ̀wé fún ìjọ náà kò bá fi àmì ohùn sí i, "ede aaye" ni yóò jáde, akọ̀wé á sì kà á bí ó bá ti wù ú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó di Ọjọ́bọ̀ bóyá àmì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bí kò bá sí, ẹ kàn kọ ọ́ fún wọn pé: "Ó lọ kọ́ Faransé àti Potogí, àti bí àwọn tó ń sọ wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn."